Ìlẹ̀kùn Ọ̀tún Píkọ́ọ̀pù Bàbá Ọlátúnjí

Ilé wa ní Jójù,
Sáńgò-Ọ̀tà.
Àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Mọ́rẹ́nikẹ́, Àyìnkẹ́ mi,

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, má kà á níwájú àwọn oníbàárà. Wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, jókòó, kí o sì kà á tán kí o tó bínú. Mo mọ̀ pé o máa bínú. Láti kékeré, bí inú bá fẹ́ bí ọ, wàá kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wàá bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan tí kò nílò títò. Bí o bá rí i pé o ti ń to sípánà láàárín lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́ ọmọ mi, gbé e sílẹ̀, kí o padà síbi tí o kà dé.

Ìyá rẹ kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún nítorí òjò tó ń rọ̀. Àbúrò rẹ Tóbi ṣì ń lọ sí fákitirì tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá, ó sì máa ń wọlé bí ẹni tí wọ́n lọ̀ lórí ọlọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ Káyọ̀dé ò tíì pe ilé láti Ọdún Àjíǹde. Bí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń kà yín lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ka adìẹ inú àgò, mi kì í sì í rí èyí tí ọkàn mi balẹ̀ lé lórí. Ìwọ nìkan ni mo máa ń kà kọjá ní kíá. Mo máa ń sọ pé, eléyìí ti yanjú, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìjòkó, orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyẹn náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ọjọ́bọ̀. O ò mọ̀. O ti lọ ra nǹkan ní Sáńgò. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ẹni tí ẹ ń pè ní Bọ̀dá Rẹ́wáyà, ló gbé àga fún mi. Ó ní, "Bàbá Mọ́rẹ́nikẹ́, ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín ni, àbí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ kó gbà yín síṣẹ́?"

Mo ní, "Mo wá kí i ni."

"Ẹ kí ọkọ̀ yẹn náà. Ó dàgbà jù mí lọ. Ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wá síbí, ewúrẹ́ ló ń gbé inú ẹ̀, àwa ló lé wọn jáde. Ẹ wá wò ó bó ṣe ń dán. Ọmọ yín ti kọjá yín o, Bàbá. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ."

Mi ò bínú. Inú mi dùn. Mo dìde, mo lọ bá ọkọ̀ náà níbi tó dúró sí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ: píkọ́ọ̀pù àtijọ́ olójú róbótó, àwọ̀ òféfèé láti iwájú dé ẹ̀yìn, èyí tí oníbàárà rẹ, Bàbá Ọlátúnjí, wà ní gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ ní sítọ́ọ̀ fákitirì, tó fẹ́ fi wọ ìlú rẹ̀ l'Ọ́ṣun lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹsẹ̀ tó kọ iṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi iná iwájú, mo fi ojú tọ ìlà ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn. Ó tọ́. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi.

Mo wá ṣí ìlẹ̀kùn ọ̀tún. Mo fi ìka ọmọńdinrín tì í padà.

Kò wọlé. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, ó wọlé, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: gba, gbì. Ìwọ náà mọ̀ pé ìlẹ̀kùn tó bá jókòó dáadáa, gbólóhùn kan péré ló máa ń sọ. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Mo mú òòfà inú sípíkà rédíò tó máa ń wà lápò mi jáde, èyí tí mo fi aṣọ wé kó má baà ha ọ̀dà. Mo gbé e lé àárín ìlẹ̀kùn, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé e lé etí ìlẹ̀kùn níbi tó ti fẹ́ kan òpó ẹ̀yìn, láti àárín lọ sísàlẹ̀. Ó jábọ́. Mo gbé e lé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún jábọ́. Kò sí irin níbẹ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́. Pọ́tì tí a fi ń dí ihò ara ọkọ̀ ni. Ó nípọn tó ìka mi.

Bọ̀dá Rẹ́wáyà béèrè láti ọ̀ọ́kán pé, "Bàbá, kí lẹ ń wá lára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀?"

Mo ní, "Mo ń wo bó ṣe dán ni." Mo bu omi mu, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Jójù.

O lè béèrè pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Mo pè ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. O ní, "Bàbá mi, ìròyìn ayọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n tó lọ gbé ọkọ̀ fún Bàbá Ọlátúnjí, màá kọ́kọ́ fi gbé Màámi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n bá mi dúpẹ́. Iwájú ni wọ́n máa jókòó." Ohùn rẹ dùn. Mo ní, "Ó dáa." Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Ẹnu mi ò lè gbé e.

Iwájú, lọ́tùn-ún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yẹn.

Jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ girama, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn mi ò tò.

Èkíní. Orí ọkọ̀, níbi tí awakọ̀ ń jókòó, kì í kúrò lórí ṣáàsí, egungun rẹ̀, nígbà tí a bá fẹ́ gé e.

Lóṣù tó kọjá, o sọ fún mi lórí fóònù pé ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà ti jẹrà, pé ìpẹtà ti jẹ irin ibẹ̀ bí ìgbà tí eku jẹ aṣọ, pé o ti sọ orí ọkọ̀ náà kalẹ̀ kúrò lórí ṣáàsí, o gbé e lé táyà mẹ́rin kí o lè ráyè abẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́. Táyà rọ̀, Àyìnkẹ́. Ọ̀kan lè ga ju èkejì lọ, ilẹ̀ Ìjòkó pàápàá ò tẹ́jú. Bí o bá yọ ìlẹ̀kùn, tí o gé irin ìsàlẹ̀ tó di ẹnu ọ̀nà mú, láìfi páìpù dábùú ẹnu ọ̀nà náà kó má baà yẹ̀, gbogbo orí ọkọ̀ á rọra wó sísàlẹ̀ bí àgbà tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ò ní rí i. Bí o bá wá jó irin tuntun mọ́ ọn, o ti jó wíwọ́ mọ́ ọn títí ayé.

Mo mọ èyí nígbà tí o ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Kí ni mo sọ? Mo ní, "Ṣe jẹ́jẹ́." Ìyẹn nìkan. Nítorí pé ọjọ́ tí o kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, o ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe àṣìṣe," mo sì ti búra fún ara mi pé mi ò ní dá sí i mọ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo ń wo orí bó ṣe ń wọ́, mo ń sọ pé ṣe jẹ́jẹ́.

Èkejì. Ìlẹ̀kùn ni ọba. Òun ni kí o kọ́kọ́ fi jókòó.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Alhaji Sùfíánù, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, mo fẹ́ràn iwájú ọkọ̀. Iwájú ni oníbàárà ń kọ́kọ́ rí. Mo to féńdà méjèèjì, mo gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì lé e, ó rí bí ẹ̀rín. Ìgbà tí mo wá gbé ìlẹ̀kùn wá, kò sí àyè fún un. Etí rẹ̀ ń ha féńdà. Mo fi òòlù gbá ìlẹ̀kùn kó lè gba ibẹ̀. Alhaji jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ tí a ti yọ sílẹ̀, wọ́n ń jẹ obì.

Wọ́n ní, "Ìwọ, nígbà tí ìyá ẹ bí ọ, ṣé fìlà ni wọ́n kọ́kọ́ rà kí wọ́n tó wọn orí ẹ?"

Mo ní, "Rárá sà."

"Ṣé wọ́n fi òòlù gbá orí ẹ kó lè wọ fìlà?"

"Rárá sà."

"Ó jọ pé wọ́n gbá a. Tú gbogbo ẹ̀."

Mo tú u. Ọjọ́ mẹ́rin iṣẹ́. Wọ́n kọ́ mi lọ́jọ́ náà pé orí ọkọ̀ ló ń pàṣẹ fún ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn á pàṣẹ fún féńdà, féńdà á pàṣẹ fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, apá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí ló máa wá kẹ́yìn gbogbo wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Wọ́n sì ní àṣà kan. Kò sí ọmọ iṣẹ́ wọn tó gba fíríìdọ̀mù láìjẹ́ pé Alhaji ti fi ìka ọmọńdinrín ti ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣe kẹ́yìn, wọ́n á di ojú, wọ́n á tẹ́tí. Bí ìlẹ̀kùn bá sọ gbólóhùn kan, wọ́n á gbàdúrà fún un. Bó bá sọ méjì, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Tèmi sọ gbólóhùn kan. Mo gba àdúrà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo mọ ohun tó tọ́ nígbà tí mo ṣe ohun tí kò tọ́.

Ẹ̀kẹta. Mo ti kọ ìlà yìí, mo fà á rẹ́, mo tún un kọ. Ìyá rẹ wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan le, ọ̀kan ń wọ́ tẹ̀lé e.

Kì í ṣe ọ̀kadà ló gbá ìyá rẹ.

Mo ti kọ ọ́ báyìí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ní Ilo-Awela, ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ mi jẹ́ píkọ́ọ̀pù ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti jẹrà, bíi ti Bàbá Ọlátúnjí gẹ́lẹ́. Oníbúrẹ́dì ń yọ mí lẹ́nu, ó ń wá láàárọ̀, ó ń wá nírọ̀lẹ́. Mo gé ìsàlẹ̀ náà láìfi páìpù di ẹnu ọ̀nà mú. Orí ọkọ̀ wó, mo sì rí i lẹ́yìn tí mo ti jó o tán. Àlàfo etí ìlẹ̀kùn tóbi lókè, ó há nísàlẹ̀. Kókó ìlẹ̀kùn ò dé inú lọ́ọ̀kì tán, ó kàn fi ẹnu kàn án. Ó yẹ kí n tú u. Alhaji Sùfíánù ì bá ní kí n tú u. Ṣùgbọ́n pátákó tuntun wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, orúkọ mi wà lára rẹ̀, gbogbo àwọn tó ń kọjá ń kí mi kú oríire. Mo po pọ́tì. Mo fi mọ etí ìlẹ̀kùn títí àlàfo fi dọ́gba, mo fi sáńdípépà họ ọ́, mo kun ún. Ó dára ju ìlẹ̀kùn gidi lọ.

Mo wá lọ gbé ìyá rẹ nílé kó wá rí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Káyọ̀dé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò tíì pé ọdún kan. A gba ọ̀nà Ìjòkó. Ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ rọra, kì í ṣe ọkọ̀ yín." Mo ní, "Ṣé o ò rí bó ṣe ń lọ?" A bọ́ sínú kòtò kan, kì í ṣe kòtò ńlá. Ìlẹ̀kùn ṣí.

Ọwọ́ méjèèjì ló fi di ọmọ mú. Kò sí ọwọ́ tó kù láti fi di ọkọ̀ mú.

Káyọ̀dé ò fara pa rárá, orí àyà ìyá rẹ ló ṣubú lé. Táyà ẹ̀yìn ló gun ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Èmi ló ń wa ọkọ̀ náà, èmi náà ló tẹ iná.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Ọ̀kadà ni." Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni pé wọ́n ti gbé e síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ó gbọ́, ó wò mí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá bi í, ọ̀kadà ni yóò sọ. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà, Mọ́rẹ́nikẹ́, ì bá sàn fún mi. Ó gbé irọ́ mi bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ yẹn, lójoojúmọ́, láìsọ pé ó wúwo.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí o ju òkúta lu ọlọ́kadà kan ní ìkángun òpópónà wa. Orí rẹ̀ bẹ́. Mo nà ọ́. O ń sunkún, o ń sọ pé, "Àwọn ni wọ́n ṣẹ́ Màámi lẹ́sẹ̀." Mo sì ń nà ọ́. Títí di òní o kì í gun ọ̀kadà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún, òtítọ́ ò bá a, àfi ìgbà tí mo jókòó dè é ní òní.

Ohun tó burú jù nìyí. Mo tún ọkọ̀ oníbúrẹ́dì ṣe. Kì í ṣe pé mo tú u. Mo fi irin kékeré kan kún ẹnu lọ́ọ̀kì kó lè mú dáadáa, mo tún pọ́tì tó là po, mo kun ún, mo gbé e fún un. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó tà á lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mi ò mọ ẹni tó rà á, mi ò mọ ẹni tó jókòó sí ọ̀tún lẹ́yìn ìyá rẹ. Bí mo bá rí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ní títì, ìlẹ̀kùn ọ̀tún ni ojú mi máa ń lọ.

Ẹ̀kẹrin. Èyí ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi.

Ní ọdún tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, o ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ ọkùnrin ní iṣẹ́ òòlù ń dọ̀tí, ìwọ lo wá. Mo yangàn sí gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n òòlù ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́, mi ò lè lu irin títí yóò fi padà sí ipò rẹ̀. Mo wá ń po pọ́tì. Lọ́jọ́ kan o dúró lẹ́yìn mi, o ní, "Bàbá, ṣé èyí ò pọ̀ jù?"

Mo ní, "Ọ̀dà máa bò ó."

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. O mi orí, o tẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ. Gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ pẹ̀lú ẹnu, bóyá o ti gbàgbé ìdajì. Èyí tí mo fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, mo rí i lára ìlẹ̀kùn ní Ọjọ́bọ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún wa ohun tí a máa ṣe bí ọmọ ẹni bá ti kó sínú ilé náà.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Wàá ní lọ́ọ̀kì tìrẹ ń mú. Wàá ní o ti wà á lọ wà á bọ̀ láàárín Ìjòkó, kò ṣí. Ó lè má ṣí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó lè gbé Bàbá Ọlátúnjí dé Ọ̀ṣun, kó gbé e padà, kí wọ́n pa ewúrẹ́ fún ọ. Tèmi náà ò ṣí títí a fi dé ibi kòtò yẹn. Mo ti wà á yí Ilo-Awela ká lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lọ gbé ìyá rẹ.

Bí o bá fẹ́ tú u, ó le, mi ò ní sọ pé kò le. Họ ọ̀dà etí ìlẹ̀kùn kúrò títí o fi rí irin. Yọ iwájú gbogbo. Gbé orí ọkọ̀ padà sórí ṣáàsí, lórí rọ́bà ìjókòó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, de é mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí yóò máa rìn. Fi jáàkì gbé ibi tó wó sókè díẹ̀díẹ̀, kí o máa wo ìlẹ̀kùn, má wo jáàkì. Bí ìlẹ̀kùn bá ti jókòó, jó páìpù dábùú inú ẹnu ọ̀nà, ìgbà yẹn ni kí o tó gé irin ìsàlẹ̀ tí o jó mọ́ ọn. Jẹ́ kí ìlẹ̀kùn sọ ibi tí irin tuntun máa wà. Lẹ́yìn náà féńdà, lẹ́yìn náà bọ́nẹ́ẹ̀tì. Má fi ojú wọn àlàfo. Mo fi nǹkan kan sínú àpò ìwé yìí, pélébé kan tí mo gé lára àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì mi nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ Alhaji. Òun ni mo fi ń wọn àlàfo ní gbogbo ọjọ́ tí mo fi jẹ́ oníṣẹ́ gidi. Kì í le jù, kì í ha ọ̀dà. Fi bọ àlàfo lókè, fà á wá sísàlẹ̀. Bó bá há níbì kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

O ò ní rí i ṣe tán kí ọjọ́ Àìkú tó pé. Kódà oṣù kan lè má tó. O máa ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún Bàbá Ọlátúnjí, tó ti ra bàtà tuntun sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà. Ó lè bínú gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Bọ̀dá Rẹ́wáyà máa rẹ́rìn-ín, gbogbo ojúlé yẹn á gbọ́. Mi ò lè ṣèlérí fún ọ pé wọ́n máa bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí pé o sọ òótọ́. Mi ò tíì dán an wò rí, nítorí náà mi ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn irọ́ nìkan ni mo mọ̀. Ó ń rìn kiri nínú ilé mi, ọ̀kan le, ọ̀kan ń wọ́.

Mi ò ní sọ fún Bàbá Ọlátúnjí. Iṣẹ́ rẹ ni, ẹnu rẹ ló yẹ kó ti gbọ́. Bí mo bá sì wo ìgbésẹ̀ rẹ, bí mo ṣe mọ ara mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ, pẹ̀lú pátákó tuntun, ìrètí mi ò pọ̀. Dárí jì mí pé mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ara mi ni mo rò, kì í ṣe ìwọ.

Kí n tó ṣẹ́ lẹ́tà yìí pọ̀, mo pe ìyá rẹ wọlé, mo kà á sí i létí láti òkè dé ibi tí mo dé. Ó gbé awo ẹ̀wà lé ẹsẹ̀, ó ń ṣà á. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀kadà, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Mo kà á tán.

Ó ní, "Ó pẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́, Bàbá Káyọ̀dé."

Mo ní, "Mo máa kọ ọ́ sí i pé kó má wulẹ̀ gbé ọkọ̀ náà wá lọ́jọ́ Àìkú. Màá ní o ò ní lè lọ, pé ara rẹ ò yá."

Ó ní, "Irọ́ míràn. Ẹ má kọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé mo ń retí rẹ̀. Màá ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, màá jókòó sí pèpéle. Bó bá gbé ọkọ̀ náà dé, tó ní kí n wọlé, màá wọlé."

"Sí ọ̀tún?"

"Níbo ni wọ́n ń fi ìyá sí? Màá wọlé, màá jókòó, màá kó ọwọ́ mi méjèèjì lé ẹsẹ̀. Mi ò ní bi í léèrè ìlẹ̀kùn. Ọmọ mi ló ṣe é."

Mo bẹ̀ ẹ́. O mọ̀ ọ́n, bó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó ti tán nìyẹn. Ó ti padà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti yọ ìró àti bùbá funfun rẹ̀ jáde, ó fi kọ́ ara wáyà kí atẹ́gùn fẹ́ sí i.

Nítorí náà, Àyìnkẹ́, mi ò lè dá a dúró, kò sì gbà kí n purọ́ dá a dúró. Ó máa wà lórí pèpéle lọ́jọ́ Àìkú. Ìwọ nìkan ló lè sọ fún un pé kó má wọlé.

Èmi ni, bàbá rẹ, tó kọ́ ọ ní èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́.